Èèkàn Horace Tó Kù Létí Odò

Sọ̀kalẹ̀! Sọ̀kalẹ̀ ná, sisí, sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí ọkọ̀ mi! Ta ló kọ́ ọ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń wọlé onílé? O ò kan òrùlé, o ò kí ẹnikẹ́ni, o kàn gbẹ́sẹ̀ lé e, ọkọ̀ mì, tíì mi dà sílẹ̀, mo rò pé àwọn ọmọ ìta ni. Ọkọ̀ ni ilé wa níhìn-ín o. Etí odò lèèyàn ń dúró sí, á fi ìka kan òrùlé, á ní, "Ẹ ń lẹ́ o, onílé," onílé á sì yọjú. Ó yá, dúró síbẹ̀ yẹn, níbi tí koríko ti tẹ́. Jẹ́ kí n wo ohun tó o gbé kọ́rùn. Rosalind. Láti ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ àwọn aláìlera.

Hẹn-ẹn. Horace Tibbet lo wá wò.

Wọ́n mà rán ẹnì kan wá lóòótọ́. Káàbọ̀, Rosalind.

Rárá, inú ò bí mi. Tíì tó dà ni mo ń kígbe lé lórí. Ìbínú ti tán lára mi bí gáàsì ṣe ń tán nínú sìlíńdà, tí wàá máa ṣáná sí i tí kò ní gbiná. Gbogbo ohun tí mo máa sọ fún ọ, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta èédú ni màá ṣe sọ ọ́. Jókòó sórí àpótí yẹn, ó mọ́. Èmi ni Ambrose Tuckett. Ìdí ọkọ̀ Horace ni imú ọkọ̀ mi máa ń wà, láti ìgbà tí irun àwa méjèèjì ṣì dúdú. Ìgbà kan náà la fi iṣẹ́ ọ̀dà títì sílẹ̀, ìgbà kan náà la ra ọkọ̀, bí mo bá sì sọ pé mo mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ ara rẹ̀ lọ, kí ọwọ́ mi rọ bí mo bá purọ́. Tó o bá fẹ́ mọ nǹkan kan nípa Horace, èmi ni kó o bi. Má bi kọ̀ǹpútà.

Níbo ló wà? Fara balẹ̀, màá sọ. Wo iwájú ọkọ̀ mi ná. Kí lo rí? Omi. Pẹ́pẹ́yẹ méjì. Wàyí o, wo ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsìsì yẹn. Èèkàn irin kan nìyẹn, òòlù ti lu orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Wo ọ̀hún, lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún yẹn, èèkàn kejì. Fi wọ́n sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ṣé o máa mu tíì? Ọwọ́ rẹ ti pọ́n. Mímu ni kó o mu, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sóhun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ tí wọ́n ń fi tíì rà. Gba ife. Di apá ibi tí kò fọ́ mú.

Òfin odò yìí, pẹ́pẹ́yẹ gan-an mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá lówó láti san àyè tirẹ̀, kò gbọ́dọ̀ so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ojú kan ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bó bá ti pé, tú okùn, fa èèkàn yọ, máa lọ. Òjò ni o, yìnyín ni o, àìsàn ni o. Ẹni tó bá sì lówó, á san án fáwọn tó ni odò, wọ́n á fún un láyè kan tí ẹnikẹ́ni ò ní lé e kúrò níbẹ̀. Ohun tí Horace ń wá nìyẹn, kò sí òmíràn. Kì í ṣe owó ọtí ló ń wá. Èémí rẹ̀ ti kúrú. Èéfín ọ̀dà gbígbóná ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, eékún rẹ̀ sì ti gan. Bó bá dé ibi géètì omi, o rí àwọn ìlẹ̀kùn onígi ńlá yẹn tó ń gbé ọkọ̀ sókè tó ń gbé e sísàlẹ̀, ẹ̀yìn lèèyàn fi ń tì í, ọwọ́ lèèyàn fi ń yí irin rẹ̀, Horace ò lè tì í mọ́. Á tì í díẹ̀, á dúró, á di igi mú, ètè rẹ̀ á funfun bí ìyẹ̀fun. Ká ní wọ́n fún un lówó ìrànwọ́ yín ni, ì bá fi san àyè kékeré kan ní Hobley, ì bá so Marigold mọ́lẹ̀ níbẹ̀, Marigold lorúkọ ọkọ̀ rẹ̀, kò sì ní ti géètì kankan mọ́ títí wọ́n á fi gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Kó ṣáà lè dúró lójú kan, sisí! Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ. Mú un dání, torí ìdúró lójú kan yìí náà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbà á. Ṣé o ò mọ̀ ni? Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀?

Ó pe ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orin ni wọ́n fi dá a lóhùn. Orin fèrè kan, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ohùn obìnrin kan á bọ́ sáàárín rẹ̀ pé, "Ipe rẹ ṣe pàtàkì sí wa," orin á tún bẹ̀rẹ̀. Títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí oorun bá ń gbé Horace lọ, orin yẹn ló ń kùn sẹ́nu. Nígbà tí èèyàn ẹlẹ́ran ara wá gbé e, wọ́n ní àdírẹ́sì ńkọ́. Ó ní, "Afárá Ogójì, lápá ibi tí igi ẹlẹ́gùn-ún wà." Bí a ṣe ń sọ ọ́ níyẹn, gbogbo afárá tó wà lórí odò yìí ló ní nọ́ńbà, nọ́ńbà afárá sì ni àdírẹ́sì wa. Ọmọ tó wà lórí fóònù ní kọ̀ǹpútà òun ò gba afárá, nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì ló ń fẹ́. Horace ní, "Kọ ohun tí inú rẹ̀ bá dùn sí." Ọmọ náà sì kọ ọ́! Nọ́ńbà Ogójì, Òpópónà Afárá. Mo bẹ̀ ọ́, ṣé o ti dé Òpópónà Afárá láàárín ìlú rí? Ilé ẹja díndín ló wà ní nọ́ńbà ogójì.

Sùúrù, màá dé ibẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ pè é kó wá sí ọ́fíìsì kan tó ní kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo sìn ín lọ. Ọkùnrin kan ló ń bi í léèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Tibbet, ǹjẹ́ ẹ lè rin àádọ́ta mítà?" Horace ní, "Bí ara bá yá mi." Ó ní, "Ǹjẹ́ ẹnì kankan wà tó ń ràn yín lọ́wọ́ ní ojoojúmọ́?" Horace ní, "Rárá o. Kò sí."

Kò sí! Èmi tí mo jókòó tì í, gírísì géètì tí mo tì fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà ní èékánná mi.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Kí ni ǹ bá sọ? Bí wọ́n bá bi èmi náà, ohun tí màá sọ nìyẹn. Kò yé ọ, ọmọ mi. Lórí odò yìí, bá-mi-ti-géètì kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń ṣí i fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, o lè má mọ̀ ọ́n rí, o lè kórìíra rẹ̀ dé egungun, wàá ṣí i fún un. Bí ìgbà téèyàn bá kí èèyàn ní ẹ káàárọ̀ ni. Ṣé o máa ń lọ sọ fún ìjọba pé ẹnì kan ń ràn ọ́ lọ́wọ́ torí pé ó kí ọ ní ẹ káàárọ̀? Láti ọdún tí mo ti ń ti géètì fún Horace, kò dúpẹ́ rí. Ká ní ó dúpẹ́ ni, màá rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Ẹ bi í ní ìbéèrè onílẹ̀, ó dá yín lóhùn ti olódò. Ọkùnrin ohùn jẹ́jẹ́ yẹn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin yìí ń dá gbé ayé rẹ̀, kò nílò ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ le. Wọ́n ní owó ò tọ́ sí i.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Horace ò tiẹ̀ dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀, tara rẹ̀ sì bá a dákẹ́ síbẹ̀.

Nesta ló ní ká má gbà. Nesta, ìyá tó ń fi ọkọ̀ ta èédú fún wa, ará Wales, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin akúra wọ̀nyí, ẹ fẹ́ kú nítorí ìtìjú. Ẹ gbé bébà wá." Òun ló bá a kọ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó ṣàlàyé géètì, ó ṣàlàyé èémí, ó ṣàlàyé mi. Ta ni wọ́n fi ẹjọ́ náà ránṣẹ́ sí? Ọ́fíìsì kan náà! Ẹni tó gbá ọ létí náà ni kó o lọ bá pé kó wò ó bóyá ó dùn ọ́. Ewé igi yìí wọ́ tán kí wọ́n tó fèsì pé àwọn ti wò ó, kò dùn ọ́. A tún pe ẹjọ́ kejì, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ adájọ́. Yìnyín bo odò, a fi igi fọ́ ọ láàárọ̀ kí ọkọ̀ lè mí. Ẹ̀yin ò fèsì. Nesta ń pè, orin fèrè ń dá a lóhùn. Wọ́n ní ó wà lójú ọ̀nà. Ọ̀nà wo? Ìgbín tó bá kúrò ní ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ tá a pe ẹjọ́ náà, ì bá ti dé ọ̀dọ̀ adájọ́, ì bá ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá ti máa pààrà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní adájọ́ fẹ́ kí ẹnì kan wá wo Horace nílé kí òun tó gbọ́ ẹjọ́. Ó dáa. Ẹ wá wò ó nílé. Ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ rán, Òpópónà Afárá ló lọ. Kostas tó ń dín ẹja ló sọ fún Nesta. Ó ní ọkùnrin kan tó wọ táì wọlé wá, ó dúró láàárín àwọn tó ń ra ẹja, ó ní òun ń wá Ọ̀gbẹ́ni Tibbet tí kò lè rìn. Kostas ní, "Ọ̀gá, kò sí Tibbet níbí o. Ẹja kọ́ọ̀dù wà, ẹja hádọ́ọ̀kì wà, kò sì sí èyí tó lè rìn nínú wọn." Ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó ra pòtétò díndín, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: Kò sí nílé.

O fẹ́ rẹ́rìn-ín. Rín in. Àwa náà rín in nígbà yẹn. Horace rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a mọ́lẹ̀.

Nesta pariwo, wọ́n tún un ṣe, wọ́n kọ Afárá Ogójì bó ṣe yẹ. Ẹnì kejì wá. Àmọ́ kí wọ́n tó rán an, ọ̀sẹ̀ méjì ti pé, a ti tú okùn, a ti lọ, bí òfin ṣe wí. Ó dúró síbi tó o jókòó sí yìí gan-an, ó wo omi, omi wò ó. Ó kọ ọ́: Kò sí nílé.

Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni Horace ò rẹ́rìn-ín sí. Nígbà tí Nesta kà á sí i létí, ńṣe ló ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ambrose, ibo ni mo lọ?" Mo ní, "O ò lọ ibì kankan, baba." Ó ní, "Inú ilé mi ni mo wà. Mo wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń rìn. Báwo ni wọ́n ṣe máa ní mi ò sí nílé?" Ìwọ ńkọ́, ṣé o ní èsì fún un?

Wọ́n wá sọ fún un lórí fóònù, èmi náà fi etí mi gbọ́ ọ, kí Ọ̀gbẹ́ni Tibbet padà sí àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé, kó má ṣe ṣí kúrò níbẹ̀ títí ẹni tí àwọn máa rán á fi dé. Bí wọn ò bá tún bá a lẹ́ẹ̀kẹta, fáìlì ti pa dé. Nesta ní, "Ọjọ́ wo lẹ máa wá?" Wọ́n ní láìpẹ́. Láìpẹ́! Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú yín gbé láìpẹ́ yẹn kalẹ̀ lọ́jọ́ kan kí n fojú rí i, kí n mọ bó ṣe gùn tó.

La bá padà wá. Èmi ni mo ti gbogbo géètì, òun ló ń darí ọkọ̀. Ó gbá èèkàn méjèèjì yẹn wọlẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n bá a gbá a. Ó gbá ọ̀kan, ó sinmi, ó gbá èkejì. Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Gavin dé, ọmọ tí wọ́n gbà kó máa ṣọ́ odò, ọmọ dáadáa ni, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níwà. Ó kan òrùlé. Òun mọ bí wọ́n ṣe ń kan òrùlé.

Ó ní, "Baba Horace, ọ̀sẹ̀ méjì mà ti pé o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí lọ síwájú díẹ̀."

"Wọ́n ní kí n má ṣí."

"Àwọn wo?"

"Ọ́fíìsì owó ìrànwọ́."

"Baba, àwọn yẹn kọ́ ló ni odò."

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ni ẹ̀dọ̀fóró mi, Gavin. Kí àwọn ọ̀gá rẹ pe àwọn ọ̀gá tiwọn, kí wọ́n jọ sọ ọ́. Èmi wà níhìn-ín. Èmi ò lọ."

Ọ̀gá ò pe ọ̀gá. Kí ni wọ́n fẹ́ pe ara wọn fún? Orin fèrè náà ló máa dá wọn lóhùn. Gavin lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ fèrèsé Marigold, ó ń bẹ Horace bó ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Ó lẹ òmíràn lé e. Mo ní, "Horace, jẹ́ kí n fà ọ́ dé afárá kejì, ká sùn níbẹ̀, ká padà." Ó ní, "Tí wọ́n bá dé nígbà náà ńkọ́?" Nesta gbé ọkọ̀ èédú rẹ̀ sún mọ́ Marigold, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń bú u. "Olórí kunkun! Ewúrẹ́ inú omi! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ ni? Màá so okùn mọ́ ọ lọ́rùn màá wọ́ ọ lọ." Horace bọ́ fìlà fún un. Ó ní, "Nesta, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ ọ́ pé mi ò sí nílé. Wọn ò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bí wọ́n bá wá, wọ́n á bá mi."

Ìdí tó fi dúró nìyẹn. Kì í ṣe ti owó mọ́ nígbà yẹn, sisí. Ó fẹ́ kí ẹnì kan wá bá òun.

Rárá, ẹ ò wá. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Mo mọ̀ pé àná ni wọ́n fún ọ ní fáìlì. Àná ni wọ́n máa ń fún gbogbo yín ní fáìlì, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìjẹta rí. Mu tíì rẹ.

Àwọn tó ni odò ló wá. Wọ́n gba àṣẹ lọ́dọ̀ adájọ́. Adájọ́ tiwọn ò pẹ́ o! Wọ́n gbé kéréènì wá sórí afárá, ọlọ́rùn gígùn, òwúrọ̀ tó dáa ni, oòrùn là. Horace ti fá irùngbọ̀n. Ó gbé àga sétí odò níhìn-ín, ó jókòó, èmi dúró tì í. Àwọn ọkùnrin kéréènì yẹn ò ṣe wá níbi, ọ̀kan nínú wọn ò lè wojú wa. Wọ́n fẹ́ ki bẹ́líìtì bọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń ṣe é bí ọ̀lẹ, Horace ní, "Má fi sí ibẹ̀, ibẹ̀ ò lágbára, mú un bọ̀ síwájú." Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbé ilé rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ gòkè. Omi ń dà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni fún aṣọ. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti rí abẹ́ Marigold kẹ́yìn, ìpẹtà ti bò ó, ìkarahun wà lára rẹ̀. Horace wò ó, ó wò ó títí, ó ní, "Ambrose, ó mà yẹ kí n ti kùn ún."

Ohun kan ṣoṣo tó sọ bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè nìyẹn. Ó yẹ kí òun ti kùn ún.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fa èèkàn yọ ló tó dìde. Ó ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó gbá a wọlẹ̀ ló ń fà á yọ." Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn lóòótọ́, ẹnì kan kì í fa èèkàn ẹlòmíràn, olè gan-an kì í fà á. Wọ́n fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó o fi rí wọn. Jókòó díẹ̀ sí i, wàá rí nǹkan kan: ọkọ̀ tó bá ń kọjá níhìn-ín, bó bá ti dé ibi èèkàn yẹn, á dín eré kù, á rọra lọ, bí a ṣe ń rọra lọ bí a bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, kí ife má baà ṣubú lórí tábìlì onílé. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn. Èmi náà, bí ọ̀sẹ̀ méjì mi bá pé, màá lọ dé afárá kejì, màá padà, màá so ọkọ̀ mi síbi tí mo ti máa ń so ó, lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò sún síwájú. Gavin ń rí mi, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Níbo ló wà! O ṣì ń béèrè? Wọ́n fún un ní yàrá kan nínú ìlú, ilé àwọn aláìnílé, àjà kẹrin. Ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè ti kọṣẹ́. Ẹsẹ̀ tí kò lè ti géètì, òun ló fi ń gun àtẹ̀gùn. Bó bá ti gòkè, kì í sọ̀ mọ́ títí á fi di dandan. Ó ní ibùsùn yẹn ò mì, pé òkú nìkan ló ń sùn sórí ohun tí kò mì. Ó so báàgì rẹ̀ mọ́ páìpù tó ń mú yàrá móoru, kókó tá a fi ń so ọkọ̀ ló fi so ó. Èmi ń gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì lọ fún un. Bí mo bá ti wọlé, kò ní kí mi, á ní, "Ṣé wọ́n ti wá?" Mo máa ní rárá. Á ní, "Bí wọ́n bá wá, sọ fún wọn pé mo dúró."

Mo ti sọ fún ọ báyìí. Ó dúró.

Ẹ̀ẹ̀? Kí lo ní? Tún un sọ, etí mi ò gbọ́ dáadáa.

O ní o ò lè lọ wò ó níbẹ̀. Torí pé ibẹ̀ kọ́ ni àdírẹ́sì tó wà nínú fáìlì. Bó bá ti kó kúrò, ipò rẹ̀ ti yí padà. Bí ipò rẹ̀ bá ti yí padà, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kó pe fóònù.

Há! Háà-hà-hà! Kó pe fóònù! Orin fèrè! Nesta, o gbọ́? Kò sí níbí, ó ń ta èédú. Ó ṣeun, Rosalind, ó ṣeun, ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín, àyà ń dùn mí. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà, wọ́n wá ní kí Ọmọ́yẹ padà sílé wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ní ara.

Ó tó. Ó ti tán. Gbé ife kalẹ̀.

Dìde. Wá síbi èèkàn yìí. Rárá, mi ò bú ọ, mi ò ní fọwọ́ kàn ọ́, o fẹ́ ṣàyẹ̀wò, àyẹ̀wò la fẹ́ ṣe. Dúró níbi tó gbá a wọlẹ̀ sí. Wàyí o, máa rìn lọ sí èkejì, rọra. Ibi tó o wà yẹn, ẹnu ọ̀nà ni, tẹ orí rẹ ba kó má baà gbá òkè. Tẹ̀ síwájú. Ààrò èédú wà lápá òsì rẹ, kẹ́tùlù wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo. Tẹ̀ síwájú. Tábìlì nìyẹn, tá a ti máa ń ta káàdì, ó ń rẹ́ mi jẹ. Rọra, àwọn ìkòkò òdòdó rẹ̀ wà ní fèrèsé. Tẹ̀ síwájú. Ibùsùn nìyẹn. Dúró. O ti dé èèkàn kejì. Mítà mélòó ni? Ẹ fẹ́ràn mítà. Kò tó àádọ́ta, àbí? Ó ń rìn ín lójoojúmọ́, láti ibùsùn dé ààrò, tó bá ti dé ààrò, á di irin mú, á mí. Gbogbo ohun tó lè rìn láyé nìyẹn, ó sì tó o, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé rẹ̀ ló ń rìn nínú rẹ̀.

Mú ẹ̀rọ rẹ jáde báyìí. Mo mọ ohun tó fẹ́ kó o tẹ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tó ń dúró dè ọ́. Má tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí nítorí owó ìjọba, mi ò sì bẹ̀ ọ́ nítorí owó. Má kọ ọ́ pé Horace Tibbet kò sí nílé. Kọ ọ́ pé o dé, pé ó ti dúró dè yín, pé ilé ni kò sí.

Kò sí àyè fún un? Kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ní kó o kọ ohun mìíràn. Gbogbo ìwé ìjọba ló ní ibi ohun mìíràn.

Ṣé o ti kọ ọ́?

Kà á sí mi létí, màá lọ sọ fún un.

Tún un kà. Má yára.